Láti Manigri dé Etí Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Kò sí èbúté ní Manigri. Iṣu ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àti àgbàdo, àti kajú. Igi emi àti igi irúgbá ló kún ojú pápá. Òkun jìnnà sí wọn gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí mo pinnu pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò àtijọ́ tó wà létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, Bassila àti Manigri ni mo kọ́kọ́ forí lé. Ìdí ni pé omi tó sọ Àjàṣẹ́ di èbúté, òkè lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀. Àwọn tó ń ròyìn èbúté máa ń kọjú sí òkun. Wọ́n á ka orúkọ ọkọ̀, wọ́n á ka orúkọ atukọ̀ àti orúkọ ilé òwò òyìnbó, wọn kì í sì í bojú wẹ̀yìn wo odò. Ìdajì ìtàn ni irú wọn ń sọ.

Kọ́múùnù ni Bassila, ní ẹkùn Donga, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Benin, ó sì bá Tógò pààlà. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ, 5,661 kìlómítà níbùú lóròó. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2013, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 130,000. Ẹni tó bá mọ bí ènìyàn ṣe há gádígádí sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ yóò mọ̀ pé àyè ṣì wà níbẹ̀. Àwọn Anii ló ni ìlú Bassila gan-an, èdè wọn kò sì bá tiwa tan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba títì sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù dé Manigri, ọmọ ìyá wa la bá. Nàgó ni wọ́n. Èdè tó wà lẹ́nu wọn náà ni wọ́n ń sọ ní Kambolé, lódìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Tógò. Àwọn Kótókólì, àwọn Lokpa àti àwọn Fúlàní náà ń gbé lágbègbè yẹn.

Apá méjì ni ìlú náà ní, Manigri-Oké àti Manigri-Ikanni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo débẹ̀, nígbà tí kajú ń pọ́n, tí òórùn èso rẹ̀ tó ti fẹ́ máa kan gba gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń já kóró kúrò lídìí èso, wọ́n ń dà á sínú àpò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì béèrè ara ilé, wọ́n béèrè ara ọ̀nà, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n yíjú bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ wá ń yára, ọ̀pọ̀ rẹ̀ fò mí ru. Kí oòrùn tó wọ̀, etí mi ti ń là. Ìyá àgbà kan ní, "Ọmọ mi, jókòó tì wá di ọ̀la, wàá máa sọ ọ́." Iyán ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, iyán tó fà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà Fúlàní tí wọ́n dín. Mo ti jẹ iyán ní ọ̀pọ̀ ìlú, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ bí mo bá ní iṣu agbègbè Bassila kò kẹ̀rẹ̀.

Kóró kajú tó wà nínú àpò àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni ẹrù òkun tó ń ti Bassila jáde lóde òní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ń kó o lọ sí èbúté Kútọnu láì tíì fọ́ ọ, tí ọkọ̀ òkun á sì gbé e lọ sí Íńdíà àti Vietnam kí wọ́n lọ fọ́ ọ níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kóró tútù jáde. Wọ́n ní kí wọ́n máa fọ́ ọ nílé, ní ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá Glo-Djigbé. Mo fara mọ́ òfin náà. Ohun tí mo ń fẹ́ kí wọ́n máa wò ni iye tó ń dé ọwọ́ ẹni tó jókòó sábẹ́ igi, nítorí òun ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Odò Térou wà lápá ìlà oòrùn kọ́múùnù náà. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́míjàn nílẹ̀ Benin, ló gbé mi gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa lọ sí ìhà Igbomakoro. Láti ibẹ̀ ni bàbá ọdẹ kan ti mú mi fi ẹsẹ̀ rin bèbè odò. Omi ti fà. Adágún adágún ló kù láàárín àpáta, ó tòrò débi pé a ń rí ẹja kéékèèké tí wọ́n ń sá wọ abẹ́ òkúta. Igi ńláńlá dúró tẹ̀ lé ara wọn létí rẹ̀, ibòji wọn tutù, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìn wọn gbẹ táútáú tí koríko rẹ̀ ti jóná. A ń lọ, Bàbá dúró, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹ̀ka igi kan tó ga ju orí àwa méjèèjì lọ. Pàǹtí gbígbẹ, koríko àti ewé, lọ́ mọ́ ẹ̀ka náà.

"Ibẹ̀ lomi dé lọ́jọ́sí," ló wí.

Mo bi í pé níbo lomi náà ń gbà lọ.

"Ó ń lọ bá Wẹ̀mẹ̀."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, ó di tàwọn ará ìsàlẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Wẹ̀mẹ̀, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouémé, ni odò tó gùn jù ní Benin, nǹkan bí 510 kìlómítà. Orí òkè lápá àríwá ló ti ṣẹ̀, Térou sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń kún un lọ́wọ́. Bí a bá sì wo ìhà kejì kọ́múùnù yìí, ní agbègbè òkè Alédjo, ibẹ̀ ni odò Mono ti ń mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n gba Tógò lọ sínú òkun ní Grand-Popo. Ìlú tí kò ní èbúté kankan ń bu omi fún odò méjì tó ń dé òkun.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí òjò ibẹ̀ ṣe rí, torí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Àjàṣẹ́ dúró. Ní gúúsù Benin, bíi ti Èkó, ìgbà òjò méjì ló wà, ọ̀dá díẹ̀ sì máa ń là á láàárín ní oṣù kẹjọ. Ní òkè, ìgbà kan ṣoṣo ni: òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á máa le sí i, á di àrọ̀ọ̀rọ̀dá ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Omi yẹn ló ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ará Àjàṣẹ́ ń wo ojú ọ̀run tó mọ́, ìkún omi ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí kò mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni Wẹ̀mẹ̀ máa ń kún jù nísàlẹ̀. Ní 2010, ìkún náà kọjá ààlà; ènìyàn bí 680,000 ni ó bá fínra káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ilé wó, oko bọ́ sómi.

Igbó tó yẹ kó máa dá omi yẹn dúró díẹ̀díẹ̀ ni igbó ọba Kouffé àti ti Wari-Maro. Ó ń fá. Oko iṣu ń wọ inú rẹ̀, oko òwú ń wọ inú rẹ̀, àwọn tó ń sun èédú sì ń gé igi lọ́tùn-ún lósì. Lójú títì láti Bassila sí Bantè, àpò èédú ni wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi ewé bo ẹnu rẹ̀. Mi ò dá ẹni tó ń tà á lẹ́bi, ó ní ọmọ tó fẹ́ bọ́. Àmọ́ àwọn ará Kikélé, ní kọ́múùnù Bassila kan náà, ní igbó òrìṣà kan tí wọ́n pa mọ́ látayébáyé, tí ọ̀bọ dúdú onírù funfun ń gbé inú rẹ̀ láìsí ẹni tó ń dọdẹ wọn. Èèwọ̀ ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ ju pátákó ìkìlọ̀ ìjọba lọ.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀nà. Bantè, Sávàlú, Ìdáàṣà pẹ̀lú àwọn òkè rẹ̀, Bohicon, lẹ́yìn náà ọ̀gbàrà ọkọ̀ tó ń wọ Kútọnu. Ọ̀rọ̀ kan ni n kò lè fò dá. Láti ọ̀rúndún 18 títí dé ìparí ọ̀rúndún 19 ni ọmọ ogun Dahomey ń gba àárín ilẹ̀ yìí kọjá, tí wọ́n ń kó àwọn Mahi, tí wọ́n ń kó àwọn Nàgó, àwọn ará Ìdáàṣà pẹ̀lú. Kétu ìlú Alákétu fọ́ ní 1886. Ní Bahia ní Brazil, Nagô ni wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ti inú ọkọ̀ ẹrú sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àárín ilẹ̀ kò mọ òkun. Òkun ti gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fojú rí i.

Ní Àjàṣẹ́, etí ọ̀sà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò yíká ìlú ló ṣáájú mi. Ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Faransé, "Ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń ti Aguégués dé, ìyẹn àwọn abúlé tó wà lójú omi lọ́hùn-ún. Ẹja wà nínú òmíràn, igi ìdáná nínú òmíràn, yanrìn nínú òmíràn débi pé etí ọkọ̀ àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Obìnrin ló ń tukọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Afárá gígùn tí ọkọ̀ Kútọnu ń gbà wọlé wà lápá ọ̀tún wa, lápá òsì ọ̀sà náà ń lọ láìlópin, ó ń gba ìhà Àgbádárìgì lọ sí Èkó.

Mo ní kó jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni omi Wẹ̀mẹ̀ ń gbà bọ́ sínú òkun. Èyí tó kúrú gba inú ọ̀sà Nokoué jáde ní Kútọnu, àwọn Faransé ló sì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní 1885 nígbà tí ìkún omi fẹ́ gbé ìlú náà lọ. Èyí tó gùn ni èyí tó wà níwájú mi yìí. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹnu odò Kútọnu, ọ̀nà Èkó ni púpọ̀ nínú omi náà ń gbà. Ìyẹn ni pé òjò tó rọ̀ sórí oko àwọn ìyá oníkajú lágbègbè Bassila ń kọjá lábẹ́ Ìdúmọ̀tà kó tó di omi òkun. Nígbà tí òyìnbó la ilẹ̀ náà, omi iyọ̀ rí àyè wọ inú ọ̀sà, irú ẹja tó wà níbẹ̀ sì yí padà. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀yọ́ ló sọ Àjàṣẹ́ di èbúté ńlá. Àwọn ọba Àjàṣẹ́ jẹ́ ìran Tè-Agbanlin tó ti Allada wá, ṣùgbọ́n ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 18, pàápàá nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ibẹ̀ ni ẹrù Ọ̀yọ́ ń gbà jáde: wọ́n á gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dé ọ̀sà. Ẹrù yẹn, ènìyàn ni. João de Oliveira, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n tà sí Brazil, tó padà wá sí etíkun yìí, tó sì di ọlọ́rọ̀, wà lára àwọn tó la ọ̀nà òwò ẹrú síbẹ̀. Ó padà sí Bahia ní 1770. Ọkọ̀ òkun kò lè wọ inú ọ̀sà. Inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n tà sí, wọ́n á wà wọ́n sọdá omi yìí lọ sí etíkun Sèmè, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti dákọ̀ró dè wọ́n. Ẹlẹ́ja kan ń kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí a dúró sí. A sún sẹ́yìn fún un.

Kò sí òkúta ìrántí kan tí mo rí ní ojú ibẹ̀. Ouidah ní tirẹ̀, Àgbádárìgì ní tirẹ̀, àlejò sì ń dé wò wọ́n lójoojúmọ́. Àjàṣẹ́ náà ta ènìyàn lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó bá dé etí omi yìí rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Lẹ́yìn òwò ẹrú ni òwò epo pupa dé. Ní 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó gba ọ̀sà wọlé, wọ́n yìnbọn lu ìlú náà, ilé jóná. Èkó fúnra rẹ̀ di ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan náà. Ọba Sodji rí i pé bí òun bá dá dúró, wọ́n á gbé òun mì, ló bá fọwọ́ síwèé ààbò pẹ̀lú Faransé ní 1863. Ìwé yẹn kò fìdí múlẹ̀ pẹ́, àmọ́ ọba Tofa, tó jọba láti 1874 títí dé 1908, tún òmíràn ṣe, èyí ló sì dúró. Àwọn ènìyàn kan ń bú Tofa títí dòní. Ẹni tó bá dúró létí omi yìí, tó wo bí Èkó ṣe súnmọ́ ọn lápá kan tí Abomey, olú ìlú Dahomey, súnmọ́ ọn lápá kejì, yóò rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ì bá yà sí.

Ohun tó kàn ni èyí tó mú mi gba Bassila wá. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1892, Victor Ballot, aṣojú ìjọba Faransé, wọ ọkọ̀ ogun kékeré kan tó ń jẹ́ Topaze gòkè odò Wẹ̀mẹ̀, àwọn ọmọ ogun Dahomey sì yìnbọn sí i. Ìbọn yẹn ni Faransé gbá mú gẹ́gẹ́ bí àwíjàre ogun. Wọ́n yan Ọ̀gágun Alfred Dodds, tí wọ́n bí ní Saint-Louis ní Senegal, kó ṣáájú wọn. Dodds kò gba ọ̀nà Ouidah tí Béhanzin, ọba Dahomey, ti ń retí rẹ̀. Odò ló tẹ̀ lé. Ọmọ ogun rẹ̀ gba bèbè, àwọn ọkọ̀ Topaze, Opale àti Corail gba ojú omi, wọ́n gbé ìbọn ńlá, wọ́n gbé oúnjẹ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n jà ní Dogba; ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ni wọ́n wọ Abomey. Ẹ wo oṣù tí wọ́n mú. Ìgbà tí odò kún ni, tí omi òkè ti dé, tí ọkọ̀ ogun lè rìn láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Òjò òkè lọ́hùn-ún ló gbé wọn. Àwọn tó ń gbé létí Térou lákòókò náà kò mọ̀ pé omi tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé wọn ń ru ìbọn lọ sí ààfin Béhanzin.

Láti etí omi, ilẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà tóóró sì ń gba àárín ilé sí ilé. Níbí ni àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀, kọ́ ilé wọn sí. Àwọn kan nínú wọn ti ra ara wọn padà ní Brazil, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn mìíràn jáde lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí Nagô dìde ogun ní Bahia ní 1835. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, fèrèsé gíga pẹ̀lú pákó tó ṣí síta, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn, àwọ̀ róòsì àti búlúù tó ti ṣá. Da Silva, Paraïso, do Rego, Medeiros: orúkọ Potogí, ojú Yorùbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí bàbá kan tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, bàbá náà sì fi Yorùbá súre fún un.

Mọ́sálásí ńlá ni ó wù mí jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni wọ́n kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹni tó bá rí iwájú rẹ̀ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni: ilé ìṣọ́ méjì lápá ọ̀tún àti òsì, òpó, òdòdó, àwọ̀ yẹ́lò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ róòsì. Ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n kọ́ fún Ọlọ́run. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo ti bá àwọn Mùsùlùmí pàdé ní ìhà Bassila, níbi tí ẹ̀sìn náà ti tọwọ́ àwọn oníṣòwò obì dé, àwọn tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó obì láti Gonja kọjá Djougou lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Níhìn-ín, àwọn kan ti Brazil gba orí òkun gbé e wá. Nàgó ni wọ́n níhìn-ín, Nàgó ni wọ́n lọ́hùn-ún, Kùránì kan náà, ọ̀nà tó gbé e dé ló yàtọ̀.

A gba Accron kọjá, àdúgbò àwọn Yorùbá, níbi tí ojúbọ Abessan wà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n sì rí ẹ̀mí olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ọ̀gán, kí Tè-Agbanlin tó dé. A wo ààfin Tofa, tí wọ́n ti sọ di ilé ọnà Honmè. Ó yẹ ní wíwò, àwọn ìwé arìnrìn-àjò sì ti ròyìn rẹ̀ tó.

Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ròyìn ni àwọn ilé tó ń wó. Ìta ilé Àgùdà dà bí òkúta, amọ̀ ni inú ògiri rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí páànù bá ń bo orí rẹ̀, tí etí páànù sì yọ síta dáadáa, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ tí páànù kan bá ká, omi á wọ orí ògiri, amọ̀ á rọ̀, òdòdó sìmẹ́ńtì á bọ́, pákó òkè á jẹrà. Àwọn kan fẹ́ tún un ṣe, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì líle lẹ gbogbo ara rẹ̀. Omi tó wà nínú amọ̀ kò wá rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri náà á sì jẹrà láti inú. Mo rí ilé kan tí igi ọ̀dán ti gba yàrá òkè rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ló ni ín, wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a tà, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a tún ṣe." Ìṣòro ilé ogún nìyẹn láti Àjàṣẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn ilé Àgùdà náà fi ṣì dúró ni pé òwò ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Láti 1891 ni Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá èbúté sójú òkun ní Kútọnu, kí ọkọ̀ ńlá lè máa já ẹrù níbẹ̀ láìwá ọ̀sà. Ní 1965 ni èbúté omi jíjìn ṣí níbẹ̀. Àjàṣẹ́ ló ń jẹ́ olú ìlú, Kútọnu ló ń jẹ owó. Bí owó bá ṣì ń wọlé létí ọ̀sà bíi ti ayé Tofa, wọn ì bá ti wó gbogbo ilé wọ̀nyẹn kọ́ ilé onígíláàsì.

Iṣẹ́ ti ń lọ o. Láti 1998 ni ilé ẹ̀kọ́ École du Patrimoine Africain ti wà ní Àjàṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé àṣà Ouadada ti tún àwọn gbàgede Vodun ṣe káàkiri ìlú, wọ́n sì bá àwọn tó ni ojúbọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, bó ti yẹ. Mo rí méjì nínú àwọn gbàgede náà, àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, àgbà ń ta ayò lábẹ́ igi. Ìyẹn dára ju ilé ọnà tí wọ́n ń tì pa lọ. Èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn pọ̀ jù, òjò kì í sì í dúró de ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ní ogún ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Paris àti níbikíbi, ni pé kí ẹ pe ìpàdé ẹbí yẹn lọ́dún yìí, kí ẹ dá owó páànù ná, kí ọ̀rọ̀ pípín ilé tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní àwòrán àtijọ́ tí ilé náà hàn nínú rẹ̀, tàbí ìwé ẹrù tí bàbá ńlá rẹ̀ kó gba ọ̀sà, kó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ya ẹ̀dà rẹ̀ sípamọ́ kí kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán. Òjò á bẹ̀rẹ̀ lókè ní oṣù kẹrin, omi rẹ̀ á dé Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án.